Láti Jyväskylä padà sí Ìbàdàn: ohun tí ilé-ìwé orílẹ̀-èdè méjì kọ́ mi

Òbí tó ń kó ọmọ lọ sí òkè òkun, àti èyí tó ń múra àtikó wọn padà wálé, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti rin ọ̀nà méjèèjì. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní ilé-ìwé aládàáni kan ní ìhà Akóbọ̀ kí bàbá àwọn ọmọ tó rí àyè láti lọ kàwé kún ìwé ní Jyväskylä, ìlú kan ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Fínlándì. Gbogbo wa la jọ lọ. Ìṣòro tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti òtútù tàbí ti oúnjẹ. Àwọn yẹn, ara máa ń mọ́ wọn. Ti ilé-ìwé àkọ́bí mi ni. Ó dùn mí gan-an nígbà tó ṣẹlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílé. Ọmọ kò ní tíì pé ọdún mẹ́ta tí yóò ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi, wọn yóò máa kó iṣẹ́ àṣetiléwá fún un, wọn yóò sì wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege fún un kó tó mọ bàtà í dè. Bó bá já fáfá, wọn yóò mú un fo kíláàsì kan. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe wà ní Primary 2 nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ipò kejì ló gbà ní sáà tí a fi kúrò. Nígbà tí a dé ọ̀hún, wọ́n wo ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n ní esikoulu ló kàn án, ìyẹn ọdún ìmúrasílẹ̀ tó ṣáájú kíláàsì kìíní, nítorí pé ọdún tí ọmọ bá pé méje ni òfin wọn ní kó wọ kíláàsì kìíní.

Bàbá rẹ̀ kọ lẹ́tà, ó so káàdì èsì ìdánwò mọ́ ọn. Wọ́n fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ọjọ́ orí làwọn ń tẹ̀ lé, pé ọmọ náà kò ní pàdánù ohunkóhun. Inú bí wa. Ó ṣe wá bíi pé wọ́n fojú kéré wa nítorí ibi tí a ti wá, àfìgbà tí mo rí i pé bákan náà ni wọ́n ń ṣe ọmọ tiwọn. Bí ìyá ọkọ mi bá pè láti Kúdẹtì, wọn a ní, "Ìyàwó mi, kíláàsì kelòó ni ọkọ mi wà báyìí?" Èmi a ní, "Màmá, ó wà níbi tó yẹ kó wà." Mi ò lè la ẹnu sọ fún wọn pé eré ni ọmọ wọn ń ṣe láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, nínú igbó, nínú yìnyín, pẹ̀lú igi àti amọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo fa ọ̀kan yọ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a kó wá láti Ìbàdàn, mo ní kó kà á fún mi. Ó kà á geere, kò kọsẹ̀ rárá. Ìtàn ìjàpá àti ajá ni. Mo bi í pé kí ni ajá ṣe. Ó wò mí. Mo tún bi í ní Yorùbá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n tún un kà." Ó tún un kà, ó sì tún ń wò mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ìwé náà ló lè pè. Ìtàn inú rẹ̀ kò yé e. Ẹ̀rù bà mí, nítorí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kún inú kíláàsì tí mo fi sílẹ̀ ní Akóbọ̀, máàkì tó ga là ń fún wọn, àwọn òbí wọn a sì máa dúpẹ́.

Kò pẹ́ sí àsìkò náà ni tíṣà rẹ̀ pè wá fún ìpàdé. Wọ́n wá ògbufọ̀ fún wa, a ò sì san kọ́bọ̀. Ó béèrè èdè tí a ń bá ọmọ sọ nílé. Ọkọ mi yára dáhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó wá béèrè pé èwo la fi ń bá a wí, èwo la fi ń gbàdúrà, èwo ni ìyá àgbà fi ń pa àlọ́ fún un. A wo ara wa lójú. Ó ní èyí gan-an ni kí a máa bá a sọ, kí a máa fi ka ìwé fún un ní alaalẹ́, kí a sì fi èdè Fínlándì sílẹ̀ fún àwọn, pé iṣẹ́ àwọn nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ rò pé àánú ara rẹ̀ ló ṣe é tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìlànà ni. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí gbogbo ilé-ìwé wọn ń lò sọ pé èdè abínibí ọmọ kò gbọ́dọ̀ kú, àní kó jẹ́ ọmọ àjèjì. Bí ọmọ tó ń sọ èdè kan bá pọ̀ tó, ìjọba ìlú lè gba tíṣà tí yóò máa kọ́ wọn ní èdè náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ti Yorùbá níbi tí a wà, nítorí pé a ò pọ̀. Mo bá ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti ilé kó ìwé kíkà Yorùbá ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá fún mi, a sì bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D.

Níbi yìí ni mo ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí Yorùbá tó wà níbẹ̀ mọ̀. Èdè Fínlándì jọ tiwa nínú ìwé kíkà: bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é. Bí ohùn fáwẹ̀lì bá gùn, wọn a kọ ọ́ ní méjì, bí àwa náà ṣe ń kọ *aago* àti *oore*. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n kà ní Yorùbá, tó ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn tó ń kà nítorí pé ó yé e, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọlé inú bọ́ọ̀sì àti ara àpótí mílíìkì ní èdè wọn. Nígbà tó fi máa wọ kíláàsì kìíní, ọmọ tó ń ka ìwé lójú òfo ti di ọmọ tó ń bi mí ní ìbéèrè nípa ohun tó kà.

Kíláàsì náà fúnra rẹ̀, n ó sọ díẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, láti ọdún 1948 ni wọ́n sì ti ń ṣe é, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ wọ́n di aláìní. Bí wọ́n bá kọ́ wọn fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, wọn a lé gbogbo wọn síta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti nínú òtútù. Kò sí ipò kìíní, kò sí ipò ìkẹyìn. Ọmọ tí kò bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tíṣà mìíràn tó kọ́ṣẹ́ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò mú òun àti àwọn díẹ̀ kan lọ sí yàrá kékeré, wọn yóò sì padà dé kí ẹgbẹ́ wọn tó ṣe tán. Wọn kì í dúró di òpin ọdún kí wọ́n tó sọ pé kí ó tún kíláàsì ṣe. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọdún méje ní kíkà àti kíkọ níbẹ̀, oyè onípò kejì ló ní láti yunifásítì. Ọ̀ranyàn ni, láti ọdún 1979.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbọ́ irú èyí, a ó sì ní, "Òyìnbó kúkú ni wọ́n." Ìdí tí mo fi wá ìtàn wọn kà nìyẹn.

Àwọn tó ń sọ èdè Fínlándì kì í ṣe ọ̀gá lórí ilẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Abẹ́ Swídìn ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sábẹ́ ọba Rọ́ṣíà. Èdè Swídìn ni ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó lè jókòó ní ilé-ìwé gíga tàbí kó ṣiṣẹ́ ìjọba. Èdè ará oko ni wọ́n ń pe tiwọn. Jyväskylä tí a gbé yìí gan-an ni wọ́n dá ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ tó ń fi èdè Fínlándì kọ́ni sílẹ̀, ní ọdún 1858. Ní 1863, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀ nínú ìlú kan náà, Uno Cygnaeus ló darí rẹ̀, kí tíṣà tí yóò fi èdè náà kọ́ ọmọ lè wà.

Mo ka 1858 yìí, ọkàn mi fò lọ sí Kúdẹtì, ní ìjọ ìyá ọkọ mi. David àti Anna Hinderer, àwọn míṣọ́nnárì tọkọtaya, ti dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n sì ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé ní Kúdẹtì, ní Yorùbá. Ìlú méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ ní àkókò kan náà ni. Ti wọn dàgbà, ó di girama, ó di ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, ó di yunifásítì. Tiwa, ìjọba amúnisìn dé, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì di ojú ọ̀nà kan ṣoṣo sí iṣẹ́ ọ́fíìsì, Yorùbá sì di ohun tí ọmọ ń sọ kó tó mọ̀wé. Ó pẹ́ kí ìbànújẹ́ ọ̀rọ̀ yìí tó kúrò lára mi.

Ohun kejì tí mo rí nínú ìtàn wọn ni sùúrù. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, láti Ìbàdàn níbí, àwọn ará Fínlándì ṣì ń pín ọmọ sí méjì ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá: ẹni tó bá yege nínú ìdánwò àṣewọlé, tí òbí rẹ̀ sì lówó, yóò lọ sí girama, àwọn yòókù yóò parí sí ìwé kékeré. Ní 1968 ni wọ́n ṣe òfin pé kí gbogbo ọmọ jọ kàwé pọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọn kò sáré. Ní 1972, ìhà àríwá pátápátá, níbi tí ìyà pọ̀ sí jù, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di 1977 kí ó tó dé agbègbè Helsinki, olú-ìlú wọn. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n kó ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà lọ sí yunifásítì. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń pín ọmọ sí ọ̀wọ́ ọlọ́gbọ́n àti ọ̀wọ́ aláìmọ̀ nínú ìṣirò àti èdè, ọdún 1985 ni wọ́n tó fòpin sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àwọn ayẹ̀wéwò, ìyẹn àwọn tí ìjọba ń rán láti yẹ ilé-ìwé wò, kúrò. Ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, ìlànà náà ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo tiwa. Ní 1955, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìyá àti bàbá wa ti ibẹ̀ mọ̀wé. Àmọ́ tíṣà tó kọ́ṣẹ́ kò tó. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní 1982, a bọ́ sí 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta girama kékeré, mẹ́ta girama àgbà, mẹ́rin yunifásítì), ẹni tó bá sì wà ní girama nígbà náà lè rántí ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, tí púpọ̀ nínú wọn jókòó sínú páálí nítorí pé kò sí iná, kò sì sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò. Ní 1999, UBE dé, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣòfin rẹ̀. Gbogbo ìlànà yìí ló dára lórí ìwé. Mi ò rí ọ̀kan tí a fún ní àkókò àti tíṣà tó tó kí òmíràn tó dé.

Ìgbà tí ọkọ mi parí, a padà sílé. Ẹni tó bá ń bọ̀ bíi tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí.

Ẹ gba èsì ilé-ìwé ọmọ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí. Ẹ ní kí ọ̀gá ilé-ìwé kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé pé àwọn kì í to ọmọ sí ipò. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé tí mo lọ ní Ìbàdàn, wọ́n yí èsì ọmọ mi síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ipò kelòó ló wá gbà?" Ọ̀rọ̀ àlàyé ni wọ́n kọ fún un ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nọ́ńbà. Wọ́n wá mú un jókòó sí ìdánwò tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, wọ́n sì ní àwọn yóò fi í sẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì méjì. Ọmọ tó ń ka ìwé ní èdè méjì! Ó sunkún dé ilé, ó ní òun kò gbọ́n mọ́. Ara ògiri ilé-ìwé yẹn ni mo ti rí àkọlé pé wọn kò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá nínú ọgbà, pẹ̀lú owó ìtanràn fún ẹni tó bá sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, mo yí ohun tí mò ń béèrè padà. Mi ò béèrè kọ̀ǹpútà mọ́, mi ò béèrè iye ọmọ wọn tó gba A. Mo ń béèrè tíṣà tó máa kọ́ ọmọ mi gan-an, ohun tó kọ́, àti bó ṣe ti pẹ́ tó níbẹ̀. Mo ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé iṣẹ́ ọmọ mìíràn. Mo ń béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí kò lè kàwé. Ilé-ìwé tó bá ní òun kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, mo ń dúpẹ́, mo sì ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ilé-ìwé kékeré kan tó gba àkọ́bí mi sí kíláàsì ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fún un ní sáà méjì kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fi gòkè. Ó gòkè.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí wa ni mo mú un lọ. Àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí ni pé tíṣà ibẹ̀ ní NCE, ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, ó sì tún ti lọ gba digírì lé e, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé aládàáni parí sí girama. Ìlànà orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀ ló sọ pé NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù fún tíṣà. Àléébù ibẹ̀ kò farasin: àwọn ọmọ pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, bẹ́ńṣì kò tó, ìwé kíkà kò tó. Tíṣà náà àti èmi la jọ ń fọwọ́ kọ ìtàn Yorùbá kúkúrú sórí páálí kí àwọn ọmọ lè rí ohun kà.

Inú kíláàsì yẹn náà ni mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Tíṣà yóò kọ Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó, kò ní yé wọn, yóò ṣàlàyé ní Yorùbá, ojú wọn yóò là. Bí àlejò bá wọlé, yóò yára padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ń ṣe kò burú, ṣùgbọ́n ní bòńkẹ́lẹ́ ló ń ṣe é.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláúsá, kéde pé ìlànà náà ti di píparẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé ọmọ ń kùnà WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Mo gbọ́ àníyàn rẹ̀, nítorí pé èmi náà bímọ, mo sì fẹ́ kí wọ́n yege. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wọ Primary 1 ní 2022, Primary 4 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ nígbà tí wọ́n pa ìlànà náà rẹ́. Kò tíì ṣe ìdánwò kankan nínú WAEC. A ò tẹ ìwé fún un, a ò kọ́ tíṣà fún un, a sì ti dájọ́ fún un.

A ti dán an wò rí, kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n tẹ ìwé fún wọn, wọ́n sì wá tíṣà tó mọṣẹ́ láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn gan-an kò sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Fafunwa fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Èyí ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní Fínlándì ni mo fẹ́ gbé wá sílé. Modákẹ́kẹ́ ni mo fẹ́ kí a padà sí.

Mi ò sì ní tan yín jẹ nípa Fínlándì. Òótọ́ ni pé wọ́n wà lókè téńté nínú ìwé kíkà ní ìdánwò PISA àkọ́kọ́, ti ọdún 2000, èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ṣùgbọ́n láti 2006 ni èsì wọn ti ń lọ sílẹ̀. Ọmọ àjèjì níbẹ̀ ń rẹ̀yìn ju ọmọ onílé lọ. Mo rí ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ wa tí èdè ilé ti sọnù lẹ́nu wọn, tí ti Fínlándì kò sì tíì jinlẹ̀ tó kí wọ́n fi lóye ìwé. Ẹni tó bá sì gbọ́ pé wọn kò ní ayẹ̀wéwò, tó ní kí a mú tiwa kúrò, kó rántí pé lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà ní yunifásítì ni wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní ìgbìmọ̀ tí òbí àti ará àdúgbò ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn tíṣà, SBMC ni wọ́n ń pè é. Mo ti wà nínú ti ilé-ìwé ọmọbìnrin mi. Òfin UBE ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí kò bá mú ìpín tirẹ̀ wá kò lè fọwọ́ kan tirẹ̀ nínú owó ìkọ́lé àti bẹ́ńṣì. Kí òbí máa béèrè bóyá ìpín yẹn ti wọlé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, ohun mẹ́ta la fẹ́ kọ sí lẹ́tà tí ọ̀gá ilé-ìwé yóò mú lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀: tíṣà kan sí i fún Primary 1, ìwé kíkà Yorùbá tó kárí àwọn ọmọ, àti àṣẹ lórí ìwé pé tíṣà tó bá fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọ kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni.